Ta ló ń dán ìbọn wò kó tó dé èjìká ọdẹ?

Ní òpópónà Banbury nílùú Birmingham, ilé bíríkì pupa kan wà lẹ́bàá odò àtọwọ́dá tí àwọn ọkọ̀ ojú omi ń gbà. Láti nǹkan bí ọdún 1813 ni wọ́n ti ń yin ìbọn nínú ọgbà ilé yìí, kì í sì í ṣe ẹran ni wọ́n ń yìn ín sí. Ìbọn gan-an ni wọ́n ń dán wò. Wọ́n á ki ẹ̀tù tó lágbára ju èyí tí ọdẹ máa lò lọ sínú rẹ̀, wọ́n á sá sẹ́yìn, wọ́n á yìn ín. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á yẹ ọ̀pá rẹ̀ wò tinú-tòde: ṣé ó wú níbì kan, ṣé ó là, ṣé ìdí rẹ̀ mì? Èyí tó bá yege ni wọ́n ń lu òǹtẹ̀ mọ́ lára. Èyí tó bá kùnà kò gbọdọ̀ dé ọjà.

Ilé ìdánwò ìbọn ni wọ́n ń pe irú ilé bẹ́ẹ̀. Ó yẹ ká sọ̀rọ̀ rẹ̀ lásìkò yìí, nítorí pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń jókòó sílé ara wọn ní Amẹ́ríkà báyìí, tí wọ́n ń to ìbọn pọ̀ lórí tábìlì bí ẹni tó ń to bẹ́ẹ̀dì tó rà lọ́jà. Òfin ìjọba àpapọ̀ wọn ti ọdún 1968 kò béèrè ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ẹni tó bá ṣe ìbọn fún ìlò ara rẹ̀, tí kò ní tà á, bó tilẹ̀ jẹ́ pé California, New Jersey àti àwọn ìpínlẹ̀ mìíràn ti fi òfin tiwọn kún un. Lọ́dún 2022, ìjọba sọ pé àwọn ẹ̀yà ìbọn tí wọ́n dì sínú páálí fún títò náà wà lábẹ́ òfin ìbọn. Wọ́n gbé ọ̀rọ̀ náà dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ, àwọn adájọ́ 7 nínú 9 sì gbè sẹ́yìn ìjọba ní oṣù kẹta ọdún 2025. Nọ́ńbà ara ìbọn àti wíwádìí ẹni tó ń rà á ni wọ́n jà lé lórí. Ẹjọ́ náà kò kan bóyá ìbọn tí ènìyàn fọwọ́ ara rẹ̀ tò máa ṣiṣẹ́ láìṣe ẹni tó ni ín léṣe.

Bẹ́ẹ̀, ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Àṣìṣe ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ iṣẹ́ yìí pọ̀, àmọ́ wọn kò rí bákan náà. Ẹni tó fi sípírìn-ìn kan sódì, tàbí tó gbàgbé irin pẹ́ẹ́pẹ̀ẹ̀pẹ́ kan sílẹ̀, kò ní pẹ́ mọ̀: ìbọn rẹ̀ kò ní dún, tàbí kó há lẹ́yìn tó dún lẹ́ẹ̀kan. Ìbọn fúnra rẹ̀ ló ń fẹjọ́ sun irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀. Èyí tó léwu ni èyí tí kì í sọ̀rọ̀. Nínú ìbọn òde òní, irin kan ló ń ti kátíríìjì mọ́lé lẹ́yìn kó tó dún. Àyè tó wà láàárín ojú irin yìí àti ibi tí kátíríìjì fẹsẹ̀ tì nínú ọ̀pá ìbọn gbọ́dọ̀ pé ìwọ̀n. Bó bá fẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, idẹ ara kátíríìjì á na títí á fi já, iná àti afẹ́fẹ́ gbígbóná tó yẹ kó ti ọta síwájú á sì padà wá sójú ẹni tó yìn ín. Ìyàtọ̀ láàárín àyè tó dára àti èyí tó léwu kò ju ìnípọn bébà mélòó kan lọ. Kò sí ojú tó lè rí i. Irin ìwọ̀n méjì ni àwọn agbẹ̀dẹ ìbọn fi ń mọ̀ ọ́n: ọ̀kan tí irin ìdí ìbọn gbọ́dọ̀ lè pa dé mọ́, èkejì tí kò gbọdọ̀ lè pa dé mọ́ rárá.

Ọ̀pọ̀ akọ́ṣẹ́ kò ní irin wọ̀nyí. Ohun tí wọ́n fi ń tu ara wọn nínú ni pé ìbọn náà ti dún lẹ́ẹ̀mẹwàá láìsí nǹkan. Pé ó dún lẹ́ẹ̀mẹwàá kò fi hàn ju pé kò tíì fọ́ lọ. Agbẹ̀dẹ ìbọn tó mọṣẹ́ ni wọ́n ń gbé irú rẹ̀ lọ bá, kó wọ̀n ọ́n kí wọ́n tó tún yìn ín, kò sì sí àtúnṣe orí tábìlì ilé tó lè rọ́pò ìyẹn.

Ọ̀rọ̀ akọ́ṣẹ́ yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Lọ́dún 1637, nígbà tí Ọba Charles Kìíní fún ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ ìbọn Lọ́ńdọ̀nù ní ìwé àṣẹ, ìdí tí ìwé náà sọ ni pé àwọn alágbẹ̀dẹ kan àti àwọn mìíràn tí kò mọ iṣẹ́ ìbọn ń rọ ọ́, wọ́n sì tún ń fọwọ́ ara wọn dán an wò, èyí tó ń ba iṣẹ́ náà jẹ́, tó sì ń pa àwọn ọmọ ìlú lára. Ẹ kíyè sí i: ẹni tó rọ ọ́ náà ló ń dán an wò. Àwọn àgbà wa ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dájọ́, òṣìkà ènìyàn. Ẹgbẹ́ náà gba àṣẹ láti máa yẹ ìbọn wò kí wọ́n tó tà á, wọ́n sì kọ́ ilé ìdánwò wọn sẹ́yìn odi ìlú, níbi tí òpópónà Commercial wà lónìí, nítorí kò sẹ́ni tó fẹ́ kí ẹ̀tù máa bú gbàmù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé òun. Ẹgbẹ́ náà ṣì ń dán ìbọn wò.

Ní Birmingham, àwọn oníṣẹ́ ìbọn fúnra wọn ló lọ bá ilé aṣòfin pé kí wọ́n ṣe òfin dè wọ́n. Wọn kò fẹ́ máa ru ìbọn lọ Lọ́ńdọ̀nù fún ìdánwò, wọ́n sì mọ̀ pé ìbọn burúkú kan tó fọ́ mọ́ ẹnìkan lọ́wọ́ lè ba orúkọ gbogbo wọn jẹ́. Àpò ara wọn ni wọ́n fi kọ́ ilé ìdánwò náà. Láti ìgbà òfin ọdún 1813 náà ni títa ìbọn tí kò ní òǹtẹ̀ ìdánwò ti di ẹ̀ṣẹ̀, òfin ọdún 1868 sì tún fìdí rẹ̀ múlẹ̀ fún ìlú méjèèjì. Iṣẹ́ tí onísòwò gbé lé àjèjì lọ́wọ́ pé kó wá fọ́ ọjà òun bó bá lè fọ́ ọ: mi ò rí irú rẹ̀ púpọ̀.

Liège, ní ilẹ̀ tó di Bẹ́ljíọ̀mù, ti bẹ̀rẹ̀ tiwọn láti 1672. Saint-Étienne ní Faransé, Gardone ní Ítálì àti Eibar ní Spéènì náà ní ilé tiwọn. Lọ́dún 1914, àwọn orílẹ̀-èdè kan dá àjọ kan sílẹ̀ tí orúkọ ìkékúrú rẹ̀ ń jẹ́ C.I.P., kí òǹtẹ̀ ìlú kan lè jẹ́ ìtẹ́wọ́gbà nílùú kejì. Òfin àjọ yìí ni pé agbára tí wọ́n máa fi dán ìbọn gígùn wò gbọ́dọ̀ fi ìdá kan nínú mẹ́rin ju èyí tó pọ̀ jù tí ìbọn náà lè bá pàdé lójoojúmọ́ lọ. Amẹ́ríkà kò sí nínú rẹ̀. Níbẹ̀, àwọn ilé iṣẹ́ ìbọn ló dá ìlànà sílẹ̀ láàárín ara wọn láti 1926, olúkúlùkù sì ń dán tirẹ̀ wò. Ìlànà yẹn kò dé orí tábìlì ẹni tó ń to ìbọn nílé.

Àwa náà ní ìpín nínú ìtàn Birmingham, ìpín náà kò sì dùn. Kí òfin 1813 tó dé, ìlú yẹn ni ọ̀pọ̀ ìbọn tí wọ́n fi ra ẹrú létíkun wa ti wá. Joseph Inikori, òpìtàn ọmọ Nàìjíríà, ṣírò rẹ̀ pé láàárín 1750 sí 1807, ìbọn tó ń wọ Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà lọ́dún kan wà láàárín 283,000 sí 394,000. Ilé iṣẹ́ Farmer àti Galton wà lára àwọn tó ń rọ ọ́. Ọmọ ìjọ Quaker ni ìdílé Galton, nígbà tó sì yá, ní bíi ọdún 1796, ìjọ náà yọ Samuel Galton kékeré lẹ́gbẹ́ nítorí òwò ìbọn. Lord Shelburne, olóṣèlú Bìrìtéènì tó lọ wo ìlú náà ní nǹkan bí ọdún 1766, kọ ọ́ sílẹ̀ pé bí wọ́n ṣe ń parí ìbọn tó ń lọ sí Áfíríkà, èyí tó ju ìdajì wọn lọ ló máa fọ́ mọ́ ẹni tó bá kọ́kọ́ yìn ín lọ́wọ́. Ó lè jẹ́ pé ó bù mọ́ ọn. Síbẹ̀, olóṣèlú ilẹ̀ tó rọ ìbọn náà ló kọ ọ́, kì í ṣe ọ̀tá wọn.

Ẹ má rò pé òǹtẹ̀ ni ohun gbogbo o. Ìbọn àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà tí wọ́n ń pè ní Springfield 1903 yege ìdánwò kó tó kúrò nílé iṣẹ́, síbẹ̀ lọ́dún 1917 irin ìdí àwọn kan nínú rẹ̀ fọ́ wẹ́wẹ́. Nígbà tí wọ́n wádìí rẹ̀, wọ́n rí i pé ojú lásán ni àwọn àgbà òṣìṣẹ́ fi ń mọ̀ bóyá irin ti gbóná tó. Lọ́jọ́ tí oòrùn bá ràn, irin tó pupa kì í hàn dáadáa, wọ́n á jẹ́ kó gbóná kọjá ààlà, nígbà mìíràn dé 300 lórí ìwọ̀n Fahrenheit ju ti ọjọ́ tí ojú ọ̀run ṣú lọ. Irin náà á wá gan. Ọdún 1918 ni wọ́n yí ọ̀nà ìṣiṣẹ́ padà, títí di òní ni wọ́n sì ń kìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe yin èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ kéré sí 800,000 láti ilé iṣẹ́ Springfield. Alágbẹ̀dẹ wa tó bá ka ìyẹn á mọ̀ pé bàbá òun náà ń fojú wọn iná.

Nílé wa, òfin ìbọn Nàìjíríà ti ọdún 1959 kò gbà kí ẹnikẹ́ni ṣe ìbọn, tò ó, tàbí tún un ṣe láìgba àṣẹ ìjọba. Àdéhùn ECOWAS tí wọ́n fọwọ́ sí ní Àbújá lọ́dún 2006 náà ní kí ìjọba ká àwọn tó ń rọ ìbọn lábẹ́lé lọ́wọ́ kò. Èmi fara mọ́ òfin yìí, pẹ̀lú ohun tí ojú wa ń rí lọ́wọ́ àwọn ajínigbé. Àmọ́ ó yẹ ká sọ òótọ́ nípa ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. Àwọn alágbẹ̀dẹ kan ṣì ń rọ ṣakabùlà fún ọdẹ, kò sì sí orílẹ̀-èdè Áfíríkà kankan nínú àjọ C.I.P. Ẹni tó bá rọ ìbọn níkọ̀kọ̀ kò lè gbé e lọ síbì kankan fún àyẹ̀wò, nítorí gbígbé e jáde lásán ti sọ ọ́ di ọ̀daràn. Ọdẹ tó rà á ló ń dán an wò, ojú àti ìka tirẹ̀ ló sì fi ń dúró fún un.

Bí ẹ bá wà ní Bìrìtéènì tàbí Amẹ́ríkà, tí ẹ jogún ìbọn tàbí tí ẹ rà á lọ́wọ́ ẹni tó tò ó nílé, ẹ wá òǹtẹ̀ lára ọ̀pá rẹ̀. Bí kò bá sí níbẹ̀, ẹ jẹ́ kí agbẹ̀dẹ ìbọn tó níwèé àṣẹ yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó ki ohunkóhun sínú rẹ̀. Ẹ̀yin ọdẹ wa nílé, bí ọ̀pá ṣakabùlà yín bá ti wú tàbí tí ìpẹtà ti jẹ ẹ́, ẹ má ṣe gbé e fún wẹ́dà kó lẹ̀ ẹ́. Ẹ má yìn ín mọ́.