Yíyí Àkókò Oògùn Padà, Yíyí Ìwọ̀n Rẹ̀ Padà Ni: Ìmọ̀ràn fún Ẹni Tó Ń Lo Oògùn Táírọ́ìdì Tí Ọkàn Rẹ̀ sì Ń Lù Ségesège

Nínú abala ìlera àti ìmọ́tótó ti oṣù yìí, ọ̀rọ̀ kan wà tí a fẹ́ bá yín sọ tó kan àwa fúnra wa, nítorí a ti ṣe àṣìṣe níbẹ̀ rí.

Ní ọjọ́ Jímọ̀ kan, lẹ́yìn ìrun, a tẹ́ tábìlì wa sí ẹ̀gbẹ́ ibi àlùwàlá bí a ti máa ń ṣe lóṣooṣù, à ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru fún àwọn ará mọ́sáláásí. Alhaja kan tí wọ́n ti lé ní ọgọ́ta ọdún jókòó síwájú wa. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ gẹ̀gẹ̀. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń lo levothyroxine, oògùn tó ń dípò ohun tí wọ́n gé kúrò lọ́rùn wọn. Dókítà sì ti sọ fún wọn pé ọkàn wọn máa ń lù ségesège, wọ́n ń lo warfarin kí ẹ̀jẹ̀ má baà dì.

A bi wọ́n bí wọ́n ṣe ń lo oògùn wọn. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, bí mo bá ti mu ògì mi tán láàárọ̀, ni mo máa ń kó gbogbo rẹ̀ mì pọ̀, àti ti ọrùn, àti ti egungun." Oògùn egungun yẹn, calcium ni.

A ní, "Háà, Alhaja, kì í ṣe bẹ́ẹ̀ o." A ṣàlàyé fún wọn pé omi nìkan ni kí wọ́n fi máa lo ti ọrùn lẹ́yìn ìrun Àsùbáà, kí wọ́n tó fi nǹkan kan kan ẹnu, kí calcium di alẹ́. Wọ́n ṣàdúrà fún wa, a ṣe àmín, inú wa sì dùn pé a ti ṣe iṣẹ́ rere.

Ọ̀sẹ̀ márùn-ún lẹ́yìn náà, ọmọ wọn obìnrin pè wá lóru. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, Màmá ò rí oorun sùn láti ìjẹta. Ọwọ́ wọn ń gbọ̀n. Wọ́n ní àyà àwọn ń já, bẹ́ẹ̀ kò sí ohun tó já àwọn láyà." A ní kí wọ́n má dúró de ilẹ̀ mọ́. Nígbà tí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò ní ilé ìwòsàn, oògùn táírọ́ìdì ti pọ̀ jù nínú ara wọn, warfarin náà sì ti ń ṣiṣẹ́ kọjá bó ṣe yẹ. Ọlọ́hun ló yọ wọ́n. Dókítà dín ìwọ̀n oògùn kù, ara wọn sì balẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Níbo ni àṣìṣe wa wà?

Ìmọ̀ràn tí a fún wọn tọ̀nà, ṣùgbọ́n ìdajì ni. Ní gbogbo ọdún tí Alhaja fi ń lo oògùn náà pẹ̀lú ògì àti calcium, díẹ̀ ni ara ń rí gbà nínú rẹ̀. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ń sọ pé oògùn kò tó, dókítà sì ń fi kún un, títí ó fi dé 150 mcg. Ìkòkò tó ń jò ni wọ́n ń pọnmi sí. Ọjọ́ tí a dí ihò ìkòkò náà, a kò rántí sọ pé kí wọ́n dín omi tí wọ́n ń pọn kù. Ó sì kún àkúnwọ́sílẹ̀.

Ohun tó yẹ kí a sọ ni pé: "Alhaja, kí ẹ tó yí bí ẹ ṣe ń lò ó padà, ẹ sọ fún dókítà yín, kí ẹ sì lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà." Ẹ̀kọ́ tí a fẹ́ kí ẹ mú lọ sílé nìyẹn. Ẹni tó bá yí àkókò oògùn yìí padà, ìwọ̀n rẹ̀ ló yí padà, kódà bí hóró náà kò bá yàtọ̀.

Kí ló pa táírọ́ìdì pọ̀ mọ́ ọkàn?

Táírọ́ìdì ni ẹran kékeré kan tó rí bíi labalábá, tó wà ní iwájú ọrùn, nísàlẹ̀ gògóńgò. Òun ló ń tú èròjà tó ń sọ bí gbogbo ara yóò ṣe yára ṣiṣẹ́ sínú ẹ̀jẹ̀. Bí èròjà náà bá kéré, ó máa ń rẹ ènìyàn, òtútù á máa mú un, ìgbẹ́ á le, ọkàn á máa lù jẹ́jẹ́. Bí ó bá pọ̀ jù, ara á gbóná, ẹni náà á máa rù, ọkàn á máa sáré, ó sì lè bẹ̀rẹ̀ sí í lù ségesège.

Nígbà tí ọkàn bá ń lù ségesège lọ́nà tí a ń sọ yìí, yàrá òkè rẹ̀ méjèèjì kì í fún ẹ̀jẹ̀ jáde bó ṣe yẹ mọ́, wọn á kàn máa gbọ̀n ni. Ẹ̀jẹ̀ tó bá dúró síbẹ̀ lè dì, kí ó sì gba inú iṣan lọ sí ọpọlọ. Ohun tó ń fa àrùn rọpárọsẹ̀ fún ọ̀pọ̀ irú àwọn aláìsàn bẹ́ẹ̀ nìyẹn.

Àyẹ̀wò tí dókítà ń fi mọ bí oògùn ṣe rí ni TSH. Ẹ wò ó bí ìránṣẹ́ tí ọpọlọ ń rán sí táírọ́ìdì. Bí èròjà táírọ́ìdì bá kéré, ọpọlọ á máa ké pè é, TSH á ga. Bí èròjà bá pọ̀ jù, ọpọlọ á dákẹ́, TSH á lọ sílẹ̀. Ní ọdún 1994, àwọn onímọ̀ ìṣègùn tó ń tọpa ìlera àwọn ará ìlú Framingham ní Amẹ́ríkà gbé àbájáde kan jáde. Láàárín àwọn tó ti pé ọgọ́ta ọdún sókè, ewu kí ọkàn bẹ̀rẹ̀ sí í lù ségesège láàárín ọdún 10 fi bí ìlọ́po mẹ́ta pọ̀ sí i fún àwọn tí TSH wọn lọ sílẹ̀ gan-an. Ìdí rèé tí dókítà fi máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 12.5 tàbí 25 mcg fún àgbàlagbà tí ọkàn rẹ̀ kò le, tó sì máa ń fi kún un díẹ̀díẹ̀. Bí ó bá ń rẹ̀ yín, ẹ má fi hóró kan kún un fúnra yín, ẹ má sì gba ti aládùúgbò lò.

Bí a ṣe ń lò ó

Omi nìkan ni kí ẹ fi lò ó, ní ìdajì wákàtí sí wákàtí kan kí ẹ tó jẹun, ní àkókò kan náà lójoojúmọ́. Kọfí, mílíìkì, sóyà, àti oyin pàápàá, ẹ jẹ́ kí àkókò yẹn kọjá ná. Calcium, oògùn ẹ̀jẹ̀ tó ní irin nínú, àti oògùn olómi funfun tí a ń lò fún ọgbẹ́ inú gbọ́dọ̀ fi wákàtí mẹ́rin jìnnà sí i.

Bí ẹ bá gbàgbé, ẹ lò ó nígbà tí ẹ bá rántí lọ́jọ́ náà. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, ti òní nìkan ni kí ẹ lò, ẹ má lo méjì pọ̀. Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan ni ìdajì oògùn yìí fi ń wà nínú ara, nítorí náà ọjọ́ kan tí ẹ gbàgbé kò lè dá yín wó. Ìdí kan náà ló fà á tí àyẹ̀wò fi gbọ́dọ̀ dúró tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ́yìn ìyípadà kí ó tó sọ òótọ́.

Ẹ má tọ́jú rẹ̀ sí ilé ìdáná, sínú ọkọ̀ tàbí sí ojú fèrèsé. Ooru máa ń bà á jẹ́. Ẹ̀yin ìyá tó ń lo oògùn irun àti èékánná, ẹ wò ó bóyá biotin wà nínú rẹ̀. Ó lè mú kí àyẹ̀wò táírọ́ìdì parọ́. Ẹ dá a dúró fún ó kéré tán ọjọ́ méjì kí ẹ tó lọ fa ẹ̀jẹ̀, kí ẹ sì sọ fún wọn níbẹ̀.

Àwọn oògùn ọkàn ńkọ́?

Bí ẹ bá ń lo warfarin, ìgbàkígbà tí ìwọ̀n oògùn táírọ́ìdì bá yí padà, àyẹ̀wò INR gbọ́dọ̀ tẹ̀lé e, nítorí bí èròjà táírọ́ìdì bá ṣe ń pọ̀ sí i ni warfarin ń lágbára sí i. Bí ẹ bá ń rí ẹ̀jẹ̀ ní eyín, nínú ìtọ̀ tàbí nínú ìgbẹ́, ẹ lọ rí dókítà lọ́jọ́ náà.

Bí ó bá jẹ́ amiodarone ni wọ́n fún yín, ẹ mọ̀ pé ayódíìnì pọ̀ nínú rẹ̀ gidigidi. Nǹkan bíi 75 miligíráàmù ló wà nínú hóró 200 kan, nígbà tó jẹ́ pé 150 máíkírógíráàmù péré ni àgbàlagbà nílò lóòjọ́. Ó lè mú táírọ́ìdì sáré jù, ó sì lè mú un dákẹ́, nítorí náà ẹ máa yẹ TSH wò ní oṣù mẹ́fà mẹ́fà. Ní ti propranolol, ẹni tó ní ikọ́ fée kò gbọ́dọ̀ yá a lò, ẹni tó sì ti ń lò ó kò gbọ́dọ̀ já a sílẹ̀ lójijì.

Oṣù Ràmàdáánì

Ní oṣù alápọ̀n-ọ́nlé yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń yí àkókò oògùn padà láì mọ̀ pé ìwọ̀n ni àwọn ń yí. Ọ̀nà mẹ́ta ló wà. Ẹ lè fi omi àti oògùn ṣínu, kí ẹ kírun Mọ̀gàríbì, kí ẹ sì dúró tó ìdajì wákàtí ó kéré tán kí ẹ tó jẹun. Ẹ lè lò ó nígbà tí ẹ bá fẹ́ sùn lẹ́yìn àṣàmù, bí wákàtí mẹ́ta bá ti kọjá lórí oúnjẹ. Tàbí kí ẹ jí ní wákàtí kan ṣáájú sààrì, kí ẹ lò ó, kí ẹ kírun òru, kí ẹ tó wá jẹun. Ẹ mú ọ̀kan, kí ẹ má ṣe yí i títí oṣù á fi parí.

Ṣùgbọ́n inú oṣù Rájàbù ni kí ẹ ti lọ bá dókítà yín sọ ọ́, kí ẹ sì yẹ ẹ̀jẹ̀ wò lẹ́yìn Ìtúnu Ààwẹ̀. Bí ó bá sọ pé ọkàn yín kò tíì balẹ̀ tó láti gba ààwẹ̀, ẹ má ka a sí ìdójútì. Ọlọ́hun fúnra Rẹ̀ ló ṣe ìrọ̀rùn fún aláìsàn nínú Súúrà Bákárà. Dókítà ni yóò sọ bí ara ṣe rí, àlùfáà ni yóò sọ bóyá sísan padà ni tàbí bíbọ́ tálákà.

Ẹ máa ka ìlù ọkàn yín

Lẹ́yìn ìrun Àsùbáà, tí ẹ bá ti parí síkìrì, ara á ti balẹ̀. Ẹ fi ìka méjì tó tẹ̀lé àtàǹpàkò lé ọrùn ọwọ́ kejì, ní ìhà àtàǹpàkò, kí ẹ kà á fún ìṣẹ́jú kan gbáko. Láàárín 60 sí 100 ló yẹ kó wà. Àwọn ìyá wa kan tí kì í fẹ́ ṣe ìṣirò, tẹ̀sùbáà ni wọ́n ń fi kà á: ìlù kan, hóró kan. Bí tẹ̀sùbáà oní 99 bá ti parí kí ìṣẹ́jú tó pé, ọkàn ń sáré nìyẹn, kí wọ́n pe dókítà. Bí àyà bá ń dunni, bí èémí bá ń há, bí ènìyàn bá dákú, bí ojú bá wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, bí apá bá kú tàbí bí ọ̀rọ̀ bá ń lọ́ lẹ́nu, ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀ ni.

Alhaja wa ṣì ń bẹ láàárín wa, alihamudulilaahi. 100 mcg ni wọ́n ń lò báyìí, lẹ́yìn Àsùbáà, pẹ̀lú omi. Ní àsàlátù ọjọ́ Àìkú, àwọn ni wọ́n ń sọ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn pé, "Ẹ má yí nǹkan kan padà láìyẹ ẹ̀jẹ̀ wò o." Àwa náà ti fi ìlà kan kún ìwé tí a ń kọ ní tábìlì wa: ọjọ́ tí oníkálukú yóò padà lọ fún àyẹ̀wò. Àmáná ni ara jẹ́ lọ́wọ́ wa. Kí Ọlọ́hun fún wa ní àlàáfíà, kí Ó sì wo gbogbo àwọn aláìsàn wa sàn. Àmín.