Ọmọ Ẹ̀gbọ́n Mi àti Ẹ̀fọ́ Yánrin

Ìrẹsì funfun nìkan ni ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ ọdún 3, máa ń jẹ. Ẹ̀rù ti ń ba ìyá rẹ̀. Lọ́jọ́ kan, mo fi tipátipá ki ẹ̀fọ́ yánrin bọ̀ ọ́ lẹ́nu, ló bá bì í sí mi lára. Ẹ má rẹ́rìn-ín o, ẹ̀bi mi ni! Ara ọmọdé máa ń ṣọ́ra fún ohun kíkorò, torí ọ̀pọ̀ májèlé inú ewé ló korò.

Ní 1982, Leann Birch àti akẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà fún àwọn ọmọ ọdún 2 ní wàràkàṣì àti èso tí wọn ò mọ̀ rí, àwọn kan tó ìgbà 20. Bí wọ́n ṣe ń tọ́ ọ wò sí i ni wọ́n ń fẹ́ràn rẹ̀ sí i.

Ni mo bá yíwọ́ padà. Ṣíbí kékeré kan péré, èmi náà ń jẹ tèmi lójú rẹ̀, kò síjà. Ìgbà 8 ló tu ú dànù. Lánàá, ó gbé e mì, ó tún nawọ́ sí abọ́ tèmi.