Iyọ̀, Fóònù àti Ohùn Ìjọba

Ẹ̀yin ìyàwó ilé àti abiyamọ ìlú Ẹdẹ, ẹ jẹ́ kí a ṣọ́ra fún ohun tí fóònù ń gbé wọ ilé ìdáná wa. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2014, nígbà tí àrùn Ebola ń dẹ́rù bani, àhesọ kan tàn ká pé omi iyọ̀ ni ààbò: kí a fi wẹ̀, kí a sì mu ún. Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé, ó kéré tán, ènìyàn méjì ni ó mu ún kú ní Nàìjíríà.

Ìjọba náà ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Ní ọdún 2020, àjọ NCDC ń kéde iye àwọn tí àrùn kòrónà mú lórí Twitter, tí ń jẹ́ X nísinsìnyí. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 5, oṣù kẹfà, ọdún 2021, Ìjọba Àpapọ̀ fúnra rẹ̀ dí ọ̀nà náà, kò sì ṣí i títí di ọjọ́ 13, oṣù kìíní, ọdún 2022. Ní oṣù keje ọdún náà, ilé-ẹjọ́ ECOWAS dájọ́ pé dídí rẹ̀ kò bófin mu.

Nítorí náà, ẹ má ṣe gbé ìlera ọmọ yín lé ọ̀nà kan ṣoṣo. Bí ẹnìkan bá fi ìmọ̀ràn oògùn tàbí oúnjẹ ránṣẹ́, ẹ wo àjọ tí ó fi í síta, kí ẹ sì bi nọ́ọ̀sì ní ibi tí ọmọ yín ti ń gba abẹ́rẹ́ àjẹsára. Bí kò bá tíì dá yín lójú, ẹ má fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn. Ẹyin lohùn; bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ni ń fọ́.