Ṣé o mọ̀? Akọ̀wé tó fi lẹ́tà dá àrà l'Ékòó

Ní 1928, Isaac Babalọlá Thomas dá ìwé ìròyìn Akéde Èkó sílẹ̀.

Láàárín 1929 sí 1930, ó ń tẹ lẹ́tà Ṣẹ̀gilọlá jáde níbẹ̀: obìnrin tí àìsàn dá wó, tó ń kábàámọ̀ ìgbésí ayé rẹ̀. Àwọn òǹkàwé gbà á gbọ́, àánú rẹ̀ sì ṣe wọ́n. Thomas, olóòtú ìwé ìròyìn náà, fúnra rẹ̀ ló ń kọ ọ́!

Ìtàn náà di ìwé ní 1930, ọdún mẹ́jọ ṣáájú ìwé Ògbójú Ọdẹ tí Fágúnwà kọ. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ kà á sí ìtàn àròsọ gígùn àkọ́kọ́ ní èdè Yorùbá. Ogún ńlá ni Thomas fi sílẹ̀. Ó yẹ kí gbogbo ọmọ Èkó mọ orúkọ rẹ̀.