Òsì Òpin: Ìlú Agbẹ́gilére ní Ẹnu Ààlà

Òsì jẹ́ ìlú kékeré kan láàárín àwọn ìlú tí a ń pè lápapọ̀ ní Òpin, ní ìjọba ìbílẹ̀ Èkìtì ní gúúsù ìpínlẹ̀ Kwara, níbi tí ilẹ̀ Kwara ti fara kan ìpínlẹ̀ Èkìtì, tí ìpínlẹ̀ Kogi náà kò sì jìnnà síbẹ̀ ní ìhà ìlà-oòrùn. Àlejò lè ṣì í mú, nítorí pé Òsì mìíràn wà ní ìpínlẹ̀ Èkìtì, èyí tí orúkọ rẹ̀ wà lára orúkọ ìjọba ìbílẹ̀ Ìdó-Òsì, bẹ́ẹ̀ ni ìjọba ìbílẹ̀ tí Òsì ti Òpin wà nínú rẹ̀ tún ń jẹ́ Èkìtì, bí kò tilẹ̀ sí ní ìpínlẹ̀ tí ń jẹ́ orúkọ yẹn. Ìdí nìyí tí àwọn tí ń kọ̀wé nípa iṣẹ́ ọnà fi ń pè é ní Òsì-Ìlọrin. Àràròmí-Òpin ni ibùjókòó ìjọba ìbílẹ̀ náà. Ìlọfà sì ni ti Òkè-Ẹ̀rọ̀, ìjọba ìbílẹ̀ tí ó múlé tì í, níbi tí ìlú Odò-Ọwá wà. Agbègbè tí èrò kò pọ̀ sí ni méjèèjì, nítorí pé nígbà ìkànìyàn ọdún 2006, kò sí èyí tí iye ènìyàn inú rẹ̀ tó 60,000.

Ilẹ̀ ibẹ̀ kì í ṣe igbó dúdú, kò sì jẹ́ ọ̀dàn gbẹrẹfu. Ibi tí igbó àti ọ̀dàn ti pàdé ni, níbi tí iná ẹ̀ẹ̀rùn àti oko dídá láti ìran dé ìran ti sọ ọ̀pọ̀ igbó di pápá, tí igi sì ṣẹ́kù sí ẹ̀bá odò àti ìdí àpáta. Àgbẹ̀ ibẹ̀ ń gbin iṣu, ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo, wọ́n ń gbin kòkó àti obì níbi tí ilẹ̀ bá ti tutù, igi kajú sì ti pọ̀ lórí ilẹ̀ tí ó gbẹ díẹ̀. Àpáta pọ̀ káàkiri, èyí tí òkìkí rẹ̀ sì kàn jù ni ihò àpáta Ìmọ́lẹ̀bọ́jà ní Odò-Ọwá, tí àwọn tí ń rìnrìn-àjò afẹ́ máa ń lọ wò.

Bí ìlú tí ń sọ èdè Yorùbá, tí ìṣe rẹ̀ sì bá ti Èkìtì mu, ṣe di ará Àríwá ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ yé wa. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ogun Ìlọrin àti ogun Nupe ni ó ń jà káàkiri agbègbè yìí. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ olówò Gẹ̀ẹ́sì, Royal Niger Company, ṣẹ́gun Bida àti Ìlọrin ní ọdún 1897, ohun tí ó wà lábẹ́ Ìlọrin bọ́ sọ́wọ́ wọn. Nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì sì dá Àríwá Nàìjíríà sílẹ̀ ní ọdún 1900 gẹ́gẹ́ bí ilẹ̀ àbò, èyíinì ni ilẹ̀ tí ọba Gẹ̀ẹ́sì ń dáàbò bò tí ó sì ń ṣàkóso, Ìlọrin àti gbogbo ohun tí wọ́n kà mọ́ ọn di ti Àríwá. Bí Òpin ṣe bá wọn lọ nìyẹn. Ìlú Ọ̀tùn náà wà lábẹ́ Ìlọrin nígbà kan, ṣùgbọ́n wọ́n dá a padà sọ́dọ̀ àwọn ará rẹ̀ ní Èkìtì ní ọdún 1936. Òpin kò rí irú oore bẹ́ẹ̀ gbà. Àríyànjiyàn ààlà yìí gbóná gan-an ní àwọn ọdún 1950, títí ó fi dé iwájú ìgbìmọ̀ Willink, tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì rán wá ní ọdún 1957 láti gbọ́ ẹ̀dùn ọkàn àwọn ẹ̀yà kéékèèké, síbẹ̀ ààlà náà kò yẹ̀. Ìpínlẹ̀ Kwara dé ní ọdún 1967, ìpínlẹ̀ Èkìtì dé ní ọdún 1996, orí ìlà àtijọ́ yẹn náà sì ni wọ́n bá ara wọn. Kò sí aláròjinlẹ̀ tí yóò sọ pé òye ìbátan ni ó fa ìlà náà. Ìrọ̀rùn àwọn aláṣẹ ni.

Àwọn agbẹ́gilére kò ka ìlà náà sí rárá. Bámgbóṣé ti Òsì ni ó kọ́ Àrẹògún níṣẹ́, Àrẹògún, tí wọ́n bí ní nǹkan bí ọdún 1880, sì di ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá gbẹ́nàgbẹ́nà tí ilẹ̀ Yorùbá ní ní ọ̀rúndún ogún. Ó gbẹ́ ilẹ̀kùn, òpó ààfin, ọpọ́n Ifá àti ère ẹ̀pà. Òṣámúkò jẹ́ ọmọ iṣẹ́ rẹ̀, Bándélé ọmọ rẹ̀ náà sì tẹ̀lé e. Ní Odò-Ọwá, Bámigbóyè ń gbẹ́ tirẹ̀ lọ́tọ̀, èyí tí èrò inú rẹ̀ máa ń pọ̀ bí ọjà, títí ìjọba fi gbà á láti máa kọ́ àwọn ọmọ iléèwé ní Òmù-Àrán níṣẹ́ ọnà ní àwọn ọdún 1930.

Ẹ̀pà ni ó fi agbára àwọn ọ̀gá wọ̀nyí hàn jù. Ère ńlá ni, tí a ń gbé rù nígbà ọdún, tí ó sì lè ga ju mítà kan lọ. Ìsàlẹ̀ rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní ìkòkò, ni a ń kì bọ orí. Ó ní ojú níwájú àti lẹ́yìn, ẹnu tí ó là sílẹ̀ ni ẹni tí ó gbé e sì fi ń ríran. Lórí ìkòkò ni ère gan-an wà: jagunjagun lórí ẹṣin, ìyá tí àwọn ọmọ yí ká, tàbí oníṣègùn pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀. Ìtì igi kan ṣoṣo ni wọ́n fi ń gbẹ́ gbogbo rẹ̀, láìsí ìsó, láìsí àtè. Ọ̀dọ́kùnrin tí ó bá gbé e yóò jó, yóò sì fò gun òkìtì pẹ̀lú ẹrù náà lórí, gbogbo ìlú yóò máa wò bóyá yóò kọsẹ̀, nítorí pé wọ́n gbà pé ìkọsẹ̀ rẹ̀ kì í ṣe àmì rere.

Ìpele mẹ́rin ni iṣẹ́ ère gbígbẹ́ ní. Àkọ́kọ́ ni ọnà lílé, níbi tí ọ̀gá ti ń fi àáké là ìtì igi sí orí, àyà àti ẹsẹ̀ lọ́nà gbàǹgbà, tí kò tíì sí imú tàbí ojú. Àlétúnlé tẹ̀lé e, nígbà tí ìwọ̀nyí yóò tún pín sí wẹ́wẹ́, tí etí àti ọwọ́ yóò yọ. Dídán ni ìkẹta, tí a fi ọ̀bẹ mú gbogbo ara ère jọ̀lọ̀, fífín ni ó sì gbẹ̀yìn, tí a ó fi ṣóńṣó ọ̀bẹ ya irun, ìlẹ̀kẹ̀, ilà ojú àti ìpéǹpéjú. Ọmọ iṣẹ́ lè bá ọ̀gá dán an, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ba ọnà lílé jẹ́ ti ba ère jẹ́ pátápátá, nítorí pé fífín kò lè tún un ṣe.

Ní ọdún 1947, àwọn àlùfáà Àgùdà méjì láti Ireland, Kevin Carroll àti Sean O'Mahoney, dá ibùdó iṣẹ́ ọnà sílẹ̀ ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì, Bándélé sì kúrò ní Òsì lọ gbẹ́ ère ìtàn Bíbélì níbẹ̀ ní irú ọwọ́ tí bàbá rẹ̀ fi ń gbẹ́ tòrìṣà. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni Lamidi Fakeye, ọmọ Ìlá Ọ̀ràngún, ti kọ́ṣẹ́ kún tirẹ̀. Fakeye yìí náà ni ó gbẹ́ ère Odùduwà tí ó wà ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ifẹ̀. Nígbà tí àwọn olóṣèlú ṣì ń bá ara wọn jà lórí ààlà Àríwá àti Ìwọ̀-Oòrùn, Bándélé ọmọ Àríwá ti ń kọ́ Fakeye ọmọ Ìwọ̀-Oòrùn níṣẹ́ bàbá tiwọn méjèèjì. Bámigbóyè ti Odò-Ọwá náà kò di ẹni ìgbàgbé: ní ọdún 2022, Yunifásítì Yale ní Amẹ́ríkà ṣe àfihàn ńlá kan fún iṣẹ́ rẹ̀ nìkan.

Wíwà ní ẹnu ààlà ti wá ní ewu nínú báyìí. Igbó tí ó so Kwara, Èkìtì àti Kogi pọ̀ ti di ọ̀nà àwọn ajínigbé. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kejì ọdún 2024, wọ́n wọ ààfin ìlú Kórò ní agbègbè yìí, wọ́n sì pa Olúkórò, Ọba Segun Aremu, ọ̀gágun tí ó ti fẹ̀yìn tì. Ní ọjọ́ kejìdínlógún oṣù kọkànlá ọdún 2025, wọ́n kọlu ìjọ Kírísítì Àpósítélì kan ní ìlú Ẹrúkù ní agbègbè yìí kan náà nígbà ìsìn, wọ́n pa ènìyàn, wọ́n sì kó àwọn olùjọsìn lọ. Ìjọba kéde ìtúsílẹ̀ ènìyàn 38 lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, àmọ́ ní kété lẹ́yìn náà ni wọ́n tún jí ènìyàn gbé ní Ìsápá tí ó wà nítòsí. Àgbẹ̀ tí kò lè lọ sí oko ọ̀nà jíjìn yóò dín oko rẹ̀ kù, ọmọ rẹ̀ yóò sì kọrí sí Ìlọrin tàbí Èkó.

Ilé tí èrò ti dínkù nínú rẹ̀ sì ni ère àtijọ́ ti ń sọnù. Láti ọdún 1979 ni òfin Nàìjíríà ti ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe kó ohun ìṣẹ̀ǹbáyé jáde kúrò ní ilẹ̀ yìí láìgba àṣẹ lọ́dọ̀ àjọ tí ń bójú tó ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, òfin náà sì kan ère inú ilé bí ó ṣe kan ti ààfin. Ọmọ Òpin àti Òkè-Ẹ̀rọ̀ tí ère bàbá ńlá rẹ̀ bá ṣì wà nínú yàrá kan nílé gbọ́dọ̀ ya fọ́tò rẹ̀, kí ó kọ orúkọ ẹni tí ó gbẹ́ ẹ sílẹ̀ nígbà tí àgbà tí ó mọ̀ ọ́n ṣì wà láàyè, kí ó sì fi tó àjọ náà létí kí oníṣòwò tó dé.