Àríkẹ́ ní Ilé Ìyáàfin Wa: Bí Ẹgbẹ́ Obìnrin Notre Dame Ṣe Dìde

Ní ìlú South Bend, ní ìpínlẹ̀ Indiana ní Amẹ́ríkà, ilé ńlá kan wà tí a fi wúrà bo òrùlé rẹ̀ roboto, tí ère obìnrin kan sì dúró ṣánṣán lórí rẹ̀, tó ń wo gbogbo ọgbà yunifásítì nísàlẹ̀ bí ìyá ọlọ́mọ tó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé rẹ̀. Màríà ìyá Jésù ni obìnrin náà. Òun náà ni wọ́n fi orúkọ ilé ẹ̀kọ́ ọ̀hún bọ̀wọ̀ fún, nítorí pé Notre Dame, ní èdè Faransé tí Fadá Edward Sorin tó dá a sílẹ̀ ní ọdún 1842 ń sọ, ìtumọ̀ rẹ̀ ni Ìyáàfin Wa. Síbẹ̀, fún 130 ọdún, ilé tí obìnrin dé ládé bẹ́ẹ̀ kò ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ fún ọmọbìnrin láti wá gbé inú ọgbà kí ó sì kàwé gboyè àkọ́kọ́ gẹ́gẹ́ bí àwọn ọmọkùnrin. Bí mo bá ń sọ̀rọ̀ nípa bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n nísàlẹ̀ yìí, ère tó wà lórí òrùlé yẹn ni kí òǹkàwé fi sọ́kàn.

Kì í ṣe Notre Dame nìkan ni ọ̀rọ̀ náà bá wí. Láti ìgbà tí James Naismith ti kan apẹ̀rẹ̀ èso mọ́ òkè ní Springfield ní oṣù Kejìlá ọdún 1891, kò pẹ́ rárá tí Senda Berenson, olùkọ́ ìdárayá ní Smith College, fi gbé eré náà dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọbìnrin tó ń kọ́. Ṣùgbọ́n bí ẹyin ni ayé ìgbà náà ń wo obìnrin, ohun tí a gbọ́dọ̀ rọra gbé kí ó má baà fọ́. Wọ́n pín pápá sí ọ̀nà mẹ́ta, wọ́n sì sọ ọ́ di èèwọ̀ kí ẹnikẹ́ni ré ìlà ọ̀dọ̀ rẹ̀ kọjá. Nígbà tí àwọn ọmọbìnrin Stanford pàdé ti Berkeley ní oṣù Kẹrin ọdún 1896, tí Stanford sì borí pẹ̀lú àmì 2 sí 1, wọn kò jẹ́ kí ọkùnrin wọlé wòran. Pípẹ́ ni yóò pẹ́, akólòlò á pe baba: ó di ọdún 1971 kí àwọn obìnrin ilé ẹ̀kọ́ gíga tó gba àṣẹ láti máa fi ẹni márùn-ún-márùn-ún sáré yí gbogbo pápá ká bíi ti ọkùnrin.

Ọdún tó tẹ̀lé e gan-an ni ilẹ̀kùn méjì ṣí. Ní Washington, ní oṣù Kẹfà ọdún 1972, Ààrẹ Nixon fọwọ́ sí òfin tí wọ́n ń pè ní Title IX, èyí tó wí pé ilé ẹ̀kọ́ tó bá ń gba owó ìjọba àpapọ̀ kò gbọdọ̀ tìtorí pé ènìyàn jẹ́ obìnrin kí ó fi ẹ̀tọ́ rẹ̀ dù ú. Ní South Bend, ní ọdún kan náà, Fadá Theodore Hesburgh, tó ti ń ṣe olórí Notre Dame láti 1952, gba ọmọbìnrin 365 wọlé, wọ́n sì kó àwọn ọkùnrin kúrò nínú ilé Badin àti ilé Walsh kí àwọn àlejò náà lè ríbi dé sí. Àwọn tó fẹ́ràn bọ́ọ̀lù nínú wọn kọ́kọ́ ń gbá a bí ẹgbẹ́ afẹ́, kí yunifásítì tó kà á mọ́ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní 1977, tí Sharon Petro sì di akọ́nimọ̀ọ́gbá àkọ́kọ́. Mary DiStanislao ló gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ ní 1980, tó sì tì í wọ àárín àwọn ẹgbẹ́ àgbà. Mo mọ̀ọ́mọ̀ dárúkọ àwọn obìnrin méjì yìí ni, nítorí ẹni tó ṣán igbó kì í sábà wà nítòsí nígbà tí wọ́n bá ń pín iṣu.

Ní 1987 ni Muffet McGraw dé, ọmọ Pennsylvania tó ti gbá bọ́ọ̀lù fún Saint Joseph's ní Philadelphia, tó sì ti ń kọ́ni ní Lehigh. Òkìkí Notre Dame nígbà náà, òkìkí ọkùnrin ni; bọ́ọ̀lù tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń há sábíyá sá, èyí tí Knute Rockne ti gbé ga fún wọn kó tó kú ní 1931, ni ojú ayé wà lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Ọdún márùn-ún kọjá kí obìnrin yìí tó kó àwọn ọmọ rẹ̀ dé ìdíje NCAA ti àwọn ilé ẹ̀kọ́ gíga Amẹ́ríkà fún ìgbà àkọ́kọ́, ọdún márùn-ún mìíràn tún kọjá kí wọ́n tó wà lára ẹgbẹ́ mẹ́rin tó ṣẹ́kù, ní 1997.

Ọjọ́ kìíní oṣù Kẹrin ọdún 2001 ni ilẹ̀ mọ́, ní St. Louis. Purdue, ará Indiana bíi tiwọn, ni wọ́n bá pàdé ní àṣekágbá, Purdue sì ti fi àmì 12 ṣíwájú nígbà kan. Nígbà tí ó di 66 sí 66, tí ìṣẹ́jú àáyá tó kù kò pé mẹ́fà, wọ́n ṣẹ Ruth Riley, ọ̀dọ́mọbìnrin gogoro bí ọ̀pẹ. Ó dúró lójú ìlà, ó ju èkíní, ó wọlé. Ó ju èkejì, ó wọlé, ife ẹ̀yẹ àkọ́kọ́ sì di ti Ilé Ìyáàfin Wa. Ẹni tó ń darí eré fún wọn lórí pápá ni Niele Ivey, ọmọ bíbí St. Louis gan-an, kí òǹkàwé jọ̀wọ́ fi orúkọ rẹ̀ sọ́wọ́.

Lẹ́yìn èyí, ìgbà mẹ́rin ni wọ́n dé àṣekágbá tí wọ́n padà lọ́wọ́ òfo: 2011, 2012, 2014 àti 2015. Nígbà tí ó di ọdún 2018, àdánwò mìíràn dé: agbábọ́ọ̀lù mẹ́rin ni iṣan orúnkún wọn já, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, tí ẹgbẹ́ náà fi dà bí ilé tí òpó rẹ̀ ń yẹ̀.

Ibí ni Àríkẹ́, ọ̀kan lára àwọn agbábọ́ọ̀lù wọn, ti jáde. Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ní Milwaukee ni wọ́n bí i, ní 1997. Ọmọ Amẹ́ríkà ni ìyá rẹ̀, ṣùgbọ́n ilẹ̀ Nàìjíríà ni wọ́n ti bí bàbá rẹ̀, ó sì gbé orúkọ ilé rẹ̀ kọjá òkun: Ògúnbọ̀wálé ni àpèlé wọn, Dáre ni ẹ̀gbọ́n Àríkẹ́ ọkùnrin, òun fúnra rẹ̀ sì ń jẹ́ oríkì, oríkì tí ìyá àgbà fi í kí ọmọbìnrin ní ìdájí kí ara rẹ̀ lè yá gágá. Àríkẹ́, ẹni tí a rí tí a sì kẹ́. Ọmọ Ògún, ọmọ Lákáayé tí kì í rójú ogun kó sá. Inú mi dùn láti kọ orúkọ náà pẹ̀lú gbogbo àmì ohùn rẹ̀.

Ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹta ọdún 2018 náà, wọ́n bá UConn, ìyẹn Yunifásítì Connecticut, pàdé, UConn tí ẹnikẹ́ni kò tíì nà ní ọdún eré náà. Eré di ti àfikún àkókò. Ìṣẹ́jú àáyá kan ló kù nígbà tí Àríkẹ́ fò sókè, ó jù ú, 91 sí 89. Lẹ́yìn ọjọ́ méjì ẹ̀wẹ̀, ìyẹn ọjọ́ Àjíǹde, ní Columbus ní ìpínlẹ̀ Ohio, Mississippi State ló kù. Ní ìdá kejì nínú ìdá mẹ́rin eré náà, àmì 3 péré ni Notre Dame rí. Nígbà kan 15 ni àwọn kejì fi ṣáájú, kò sì sí ẹgbẹ́ obìnrin kan tó tíì bọ́ nínú irú ihò bẹ́ẹ̀ ní àṣekágbá rí. Wọ́n ń ṣẹ́ ẹ díẹ̀díẹ̀ títí ó fi di 58 sí 58, tí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta kù. Jackie Young ju bọ́ọ̀lù wọlé, Àríkẹ́ gbà á, ó gbá a mọ́lẹ̀ lọ sápá ọ̀tún, ó fò sókè ní títẹ̀, ọwọ́ ọ̀tá wà lójú rẹ̀ bí ìbòrí, ó sì sọ ọ́ láti ẹ̀yìn ìlà alámì mẹ́ta. Bọ́ọ̀lù gba òkè lọ pẹ́ ju bó ti yẹ lọ lójú ẹni tó ń wò ó, ó wá rọra gba inú àwọ̀n já. Ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá kan ló kù. 61 sí 58. Ọjọ́ kìíní oṣù Kẹrin ni, ọdún 17 pé géérégé sí ọjọ́ Ruth Riley.

Ní ọdún tó tẹ̀lé e, Baylor fi àmì kan ṣoṣo gba ife lọ́wọ́ wọn ní Tampa, 82 sí 81, Àríkẹ́ tó ju 31 nínú rẹ̀ sì tàsé ìjù ọ̀fẹ́ kan nígbà tí ilẹ̀ ti ṣú tán. Ó kúrò ní ilé ẹ̀kọ́ náà pẹ̀lú àmì 2,626, èyí tí kò tíì sí obìnrin tàbí ọkùnrin kan níbẹ̀ tó jù ú lọ nígbà náà. Ní Tampa yẹn kan náà ni McGraw, tó jẹ́ pé obìnrin nìkan ló ti ń bá a ṣiṣẹ́ láti ọdún 2012, ti bá àwọn oníwèé ìròyìn sọ ọ́ pé kí àwọn ọmọbìnrin tó gbà pé obìnrin lè ṣe olórí, ojú wọn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rí i. Ó dùn mọ́ mi pé inú ọgbà tó wà lábẹ́ ère yẹn ni ọ̀rọ̀ náà ti gbilẹ̀.

McGraw fi ipò sílẹ̀ ní oṣù Kẹrin ọdún 2020, lẹ́yìn ọdún 33 àti ìṣẹ́gun 848. Obìnrin tó jókòó tì í gẹ́gẹ́ bí igbákejì lọ́jọ́ tí bọ́ọ̀lù Àríkẹ́ gba inú àwọ̀n já ni wọ́n fi oyè náà lé lọ́wọ́: Niele Ivey, ọmọ St. Louis.