Ọ̀nà kan ò wọ ọjà: sí ẹ̀yin ọ̀gá tẹ́ ẹ ní ohùn kan ṣoṣo

Ní bí ọdún mélòó kan sẹ́yìn, wọ́n fi mí ṣe ọ̀gá ní ilé ìtẹ̀wé kékeré kan ní Ṣómólú, l'Ékòó. Àwọn tó kọ́ mi níṣẹ́ ti máa ń sọ pé àṣẹ kan náà, ohùn kan náà, ni kí ọ̀gá máa lò fún gbogbo èèyàn, kí wọ́n má baà ní ó ń ṣojúsàájú. Mo gbà wọ́n gbọ́. Ó sì ná mi ní nǹkan.

Bàbá kan wà níbẹ̀ tó ti ń tẹ̀wé kí n tó jáde ilé ìwé girama. Bí ẹ̀rọ bá wúkọ́ lásán, á ti mọ ibi tó ń dùn ún. Síbẹ̀, orí bàbá yìí ni mo máa ń dúró sí: "Bàbá, ẹ bá mi dín íǹkì yẹn kù. Bàbá, ẹ tún pépà yẹn tò." Ọmọ kan náà wà níbẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní poli, tó gbọ́ kọ̀ǹpútà dáadáa, àmọ́ tí kò tíì dá wa ẹ̀rọ ìtẹ̀wé rí. Torí pé ó ní ìwé ẹ̀rí, mo ní, "Ó yá, gbé kàlẹ́ńdà yìí jáde."

Oṣù December rèé o, ìgbà tí Ṣómólú kì í sùn. Nígbà tí ilẹ̀ máa mọ́, àwọ̀ ti ya kúrò lórí àwọ̀, ojú pásítọ̀ tó wà lórí kàlẹ́ńdà ti di mẹ́rin. Gbogbo pépà ló bàjẹ́. Bàbá wò mí, kò sọ nǹkan kan. Kò pẹ́ sígbà yẹn ló ní òun ń lọ sílé, kò sì padà wá mọ́.

Ẹ̀yìn ìyẹn ni mo tó kà nípa Paul Hersey àti Ken Blanchard, ará Amẹ́ríkà méjì tí wọ́n ti ń sọ ọ̀rọ̀ yìí látọdún 1969. Wọ́n ní kí ọ̀gá kọ́kọ́ wo bí òṣìṣẹ́ ṣe mọ iṣẹ́ ọ̀hún tó, àti bí ọkàn rẹ̀ ṣe wà níbẹ̀ tó. Ẹni tí ò mọ̀ ọ́n, dúró tì í, kó o sọ kúlẹ̀kúlẹ̀ fún un. Ẹni tó mọ̀ ọ́n tọ́kàn rẹ̀ sì balẹ̀, kúrò lọ́nà fún un. Àwọn tó wà láàárín ló ń fẹ́ àlàyé àti ìmọ̀ràn. Kì í ṣe gbogbo ọ̀mọ̀wé ló gbà fún wọn o. Robert Vecchio fi àwọn olùkọ́ ilé ìwé girama dán an wò, èsì tó gbé jáde lọ́dún 1987 sì fi hàn pé ara àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba iṣẹ́ ló ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ jù. Àwọn gan-an ni mo sì já jù sílẹ̀.

Ibi tó ti wá le fún àwa Yorùbá ni ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí. Àgbà tó mọ ẹ̀rọ àtijọ́ bí ẹní mowó lè di ọmọ ìkọ́ṣẹ́ lọ́jọ́ tí ẹ̀rọ tuntun bá dé. Ta ló máa sọ fún un lójú àwọn ọmọdé? Ọ̀rẹ́ mi kan tó ní ṣọ́ọ̀bù aránṣọ n'Ìbàdàn ra ẹ̀rọ tó ń fi kọ̀ǹpútà kọ́ iṣẹ́ ọnà sára aṣọ. Ó bẹ télọ̀ tó dàgbà jù níbẹ̀ pé kí wọ́n máa tètè dé láàárọ̀, kí àwọn ọmọ ìkọ́ṣẹ́ tó dé. Àwọn méjèèjì nìkan ló jọ ń fi ẹ̀rọ ọ̀hún kọ́ra. Kò ju ọ̀sẹ̀ mélòó kan lọ tí bàbá fi bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn yòókù.

Ìgbà kan sì wà tí gbogbo èyí ò wúlò. Bí jẹnẹrétọ̀ bá ń jóná, kò sẹ́ni tó ń pèpàdé. Pariwo, kí tàgbà tèwe sá jáde.

Lọ́dún tó kọjá, mo pe bàbá wa ti Ṣómólú láti tọrọ àforíjì. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní kò sí wàhálà. Wọ́n wá bi mí bóyá ẹnì kankan ti kọ́ ọmọ yẹn bí wọ́n ṣe ń to pépà.